Bàbá Makera àti Irin Ẹlẹ́nu Mẹ́rin

Nínú ìwé tí wọ́n pín lọ́jọ́ tí a sin bàbá bàbá mi, ìlà mẹ́rin péré ni wọ́n kọ nípa rẹ̀. Wọ́n ní òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ aṣọ ni. Wọ́n ní ó bẹ̀rù Ọlọ́run. Wọ́n ní ó fẹ́ràn gbogbo ènìyàn. Wọ́n ní ó ran ọmọ ọmọ rẹ̀, Ẹnjiníà Délé, lọ́wọ́ nígbà tí Ẹnjiníà ń ṣe irin ìṣíagolo rẹ̀. Délé fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́. Ìlà kìíní jẹ́ òtítọ́ àbọ̀. Èkejì jẹ́ òtítọ́. Ẹ̀kẹta jẹ́ irọ́, nítorí Bàbá kò fẹ́ràn ju ènìyàn mẹ́fà lọ ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀, kò sì fi pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ̀kẹrin ló mú mi gbé kálàmù.

Èmi ni àkọ́bí àkọ́bí rẹ̀. Mo ti lé ní àádọ́rin ọdún báyìí, mo fi ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ kọ́ ọmọ ọlọ́mọ níwèé ní Kaduna yìí, mo sì mọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín ẹni tó ṣe iṣẹ́ àti ẹni tó ṣe àdàkọ iṣẹ́. Àwọn tí ọ̀rọ̀ yìí ṣojú wọn ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Kí n tó tẹ̀ lé wọn, màá sọ ohun tí mo rí. Bí Délé bá rí i, kó wọ dígí rẹ̀ kó kà á dáadáa.

Àdúgbò Makera, ní Kaduna yìí, ni ilé Bàbá wà, ní ibi tí ìró ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ aṣọ ti máa ń gbọn fèrèsé. Fítà ni, òun ló ń tún àwọn ẹ̀rọ ìhunṣọ ṣe. Nígbà tí wọ́n ti ilé iṣẹ́ náà pa, ó ti fẹ̀yìn tì tipẹ́, síbẹ̀ ó ní kí n wa òun lọ síbẹ̀. Ó dúró níwájú géètì títì yẹn, ó tẹ etí sí i bí dókítà tó ń gbọ́ àyà aláìsàn. Ìró kankan ò sí. Àwọn kan tó dúró nítòsí ń sọ pé ẹ̀rọ ibẹ̀ ló ti gbó jù. Bàbá yíjú sí wọn.

"Ẹ̀rọ kì í gbó bí ẹni tó ń bójú tó o kò bá kọ́kọ́ gbó," ló wí, ó sì wọ mọ́tò mi padà.

Kì í sọ nǹkan nù. Agolo mílíìkì, agolo tòmátì, agolo sadíìnì, gbogbo rẹ̀ ló ń fọ̀, tó ń tò sẹ́yìn ilé ní ìlà bí ọmọ iléèwé lórí àsáḿbílì. Sípíríǹgì ọkọ̀ tó ti kán wà níbẹ̀ pẹ̀lú, èyí tí Malam Sani máa ń kó fún un. Wẹ́dà ni Malam Sani, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fara kan ògiri ilé wọn, òun nìkan sì ni ọ̀rẹ́ tí Bàbá ní tí wọn kì í jà. Ohun tí Bàbá kórìíra jù lọ ni ohun èlò tó ń ṣe iṣẹ́ kan ṣoṣo. Ìyàwó Délé gbé nǹkan kan wá láti òkè òkun lọ́jọ́ kan, nǹkan pẹlẹbẹ kan tó ní okùn irin tín-ín-rín tín-ín-rín. Ó ní ẹyin bíbọ̀ ni wọ́n fi ń gé. Bàbá yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì.

"Iṣẹ́ mìíràn wo ló tún ń ṣe?"

"Bàbá, ẹyin nìkan ni, sà."

Bàbá fi ọwọ́ méjèèjì dá a padà fún un. "Ẹ gbé e padà, ìyàwó wa. N kì í gba ọ̀lẹ sílé."

Ní ti ìjà, òun àti bàbá mi ló jà jù. Bàbá mi kọ́lé sí Ungwan Dosa, ó ní kí àwọn òbí òun wá máa gbébẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló gbé ọkọ̀ akẹ́rù wá sí Makera láti kó ẹrù wọn, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni ọkọ̀ náà padà lófìfo.

"Josẹ́fù, ilé rẹ dára," Bàbá á ní. "Níbo ni màá ti máa lu irin níbẹ̀?"

"Bàbá, ẹ ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Kí lẹ tún fẹ́ máa lu irin fún?"

"Kí irin lè mọ̀ pé mo ṣì wà."

Èmi náà jẹ nínú ìjà yẹn, ohun tó sì fà á ni ẹ̀gbà tó kọ lu ìyá bàbá mi. Ọwọ́ ọ̀tún Ìyá àgbà kú pátápátá, ó ń rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bí aṣọ tí wọ́n sá. Gbogbo wa ló ń sọ pé kó jókòó, kó máa jẹun. Kò gbà. Obìnrin tó ti ń se oúnjẹ fún ara rẹ̀ láti kékeré, ó ní òun ò tíì di àlejò nílé òun. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí kò sẹ́nì kankan nílé, ó fi eékún méjèèjì há agolo tòmátì mọ́lẹ̀, ó sì fi ọwọ́ òsì ti ọ̀bẹ bọ̀ ọ́. Ọ̀bẹ yọ̀, ó gé e nítan. Ìgbà tí a dé, ó ti fi gèlè di ojú ọgbẹ́ náà, ó ṣì di agolo yẹn mú. Ẹnu tí mo fẹ́ fi bá a wí, ó yára gbà á mọ́ mi lẹ́nu.

"Àṣàkẹ́, má pariwo lé mi lórí. Agolo ló ṣẹ̀ mí, ìwọ kọ́."

Bàbá gbé àpótí, ó jókòó síwájú ìyàwó rẹ̀, ó ń wo ọwọ́ òsì rẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Lọ́jọ́ kejì mo lọ sí ọjà, mo ra irin ìṣíagolo méjì, èyí tí gbogbo èèyàn ń pè ní ópúnà, mo gbé e fún un pẹ̀lú ìgbéraga ẹni tó kàwé. Ọ̀kan ń fẹ́ kí ọwọ́ kan di í mú kí èkejì máa yí i. Ìkejì, ọwọ́ ọ̀tún nìkan ló gbà.

"Wọ́n ń tà á lọ́jà, Bàbá," ni mo ní. "Kò yẹ kí ẹ máa da ara yín láàmú."

"Mo rí i pé wọ́n ń tà á," ló dá mi lóhùn. "Ta ni wọ́n ṣe é fún?"

Mo bínú, mo lọ sílé.

Ohun tó wá ń ṣe lẹ́yìn ìyẹn ni àwọn ará àdúgbò fi ń sọ pé ó ti ń ya wèrè. Ní àràárọ̀, bó bá ti mu kunu rẹ̀ tán, á fi ọ̀já di ọwọ́ ọ̀tún ara rẹ̀ mọ́ ìgbànú, á sì máa fi ọwọ́ òsì nìkan ṣiṣẹ́. Á fi ọwọ́ òsì yún irin, á fi ọwọ́ òsì gbẹ́ igi, á fi ọwọ́ òsì bọ́ bọ́tìnnì ẹ̀wù rẹ̀. Ó gé ara rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Malam Sani yọjú lórí ògiri, ó kí i kú iṣẹ́.

"Sannu da aiki, Baba. Lafiya?"

"Lafiya lau."

"Haba, Baba! Ta ló so ọ́ lọ́wọ́ báyìí?" Hausa ni wọ́n ń sọ, èmi ló ń túmọ̀ rẹ̀.

"Ìyàwó mi ni mò ń kọ́," Bàbá ní. "Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún tí mo fẹ́ ẹ, n kò tíì mọ̀ ọ́n tán."

Kò ya àwòrán kankan sórí ìwé. Ẹfun ló fi ń yà á sílẹ̀ fàráńdà, nígbà tó bá sì yá, Ìyá àgbà á fi ìgbálẹ̀ gbá a nù. Ẹ rántí èyí, nítorí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wá lára. Oṣù mẹ́jọ ló fi ṣe é. Èèkù igi ni, ó tẹ̀ díẹ̀ bí ìka tó ń pe ọmọ. Lórí èèkù náà ihò kan wà tí a ń ki ẹnu irin bọ̀. Ẹnu mẹ́rin ni: ọ̀kan ń gé agolo, ọ̀kan ń ṣí ìgò mínírà, ọ̀kan ń hú ọmọrí agolo mílíìkì oníyẹ̀fun, ọ̀kan ní eyín wẹ́wẹ́ tó ń ha ìpẹ́ ẹja. Sípíríǹgì ọkọ̀ ni Malam Sani bá a rọ gbogbo ẹnu náà. Bọ́tìnnì kan wà lára èèkù. Bí a bá tẹ̀ ẹ́, ẹnu tó wà níbẹ̀ á já, a ó sì ki òmíràn bọ̀. Bí ènìyàn bá fi ọwọ́ òsì di èèkù náà mú, àtàǹpàkò rẹ̀ ló máa bọ́ sórí bọ́tìnnì, kò sì ní tẹ̀ ẹ́ àfi tó bá fẹ́. Ọwọ́ kan ṣoṣo, iṣẹ́ mẹ́rin.

Ọjọ́ tí Ìyá àgbà kọ́kọ́ fi ṣí agolo yípo, kò dúpẹ́. Ó gbé ọmọrí tó gé náà sókè, ó wò ó bóyá ó mú.

"Ó pẹ́ ọ o, Bàbá Josẹ́fù," ló wí. Bàbá rẹ́rìn-ín títí ó fi sunkún.

Délé wá kí wọn lọ́jọ́ Sunday kan. Ọmọ àbúrò bàbá mi ni Délé, ó ń ṣiṣẹ́ ẹnjiníà, ó sì ń fẹ́ kí á máa fi Ẹnjiníà ṣáájú orúkọ rẹ̀, kódà nínú àdúrà. Ó rí irin náà. Ó ní òun fẹ́ yá a fún ọ̀sẹ̀ kan kí àwọn ará ọ́fíìsì òun lè rí i. Ó yà á ní fọ́tò, ó fi rúlà wọ̀n ọ́n, ó dá a padà pẹ̀lú ìdọ̀bálẹ̀. Kò pé oṣù mẹ́fà, ìwé ìpè kan dé láti ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ àwa ọmọ ìlú wa tó wà ní Kaduna. Wọ́n fẹ́ fi àmì ẹ̀yẹ dá Ẹnjiníà Délé lọ́lá nítorí irin ìṣíagolo tó ṣe láti inú ọgbọ́n orí ara rẹ̀. Wọn yóò kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé ńlá ẹgbẹ́, wọn yóò sì gbé irin náà lọ síbi ìpàtẹ ọjà lórúkọ ìlú wa.

Mo pe ìpàdé ẹbí. Ara mi ń gbóná. Bàbá Délé, àbúrò bàbá mi, ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Àṣàkẹ́, kí lo fẹ́ fi han aráyé? Ọmọ kan náà ni gbogbo yín. Bó jẹ́ Délé, bó jẹ́ Bàbá, inú ilé kan náà ni ògo ń bọ̀."

"Ògo ẹni tó ṣe é ńkọ́, sà?"

"Ọjọ́ orí ti ń ṣe Bàbá. Kí ni àrúgbó fẹ́ fi orúkọ ṣe? Ìwé wo ló yà á sí? Ẹ̀rí dà?" Ó wò mí tìkà-tẹ̀gbin. "Ìlara ló ń dà ọ́ láàmú. Délé rí ohun ṣe láyé, ìwọ ń kọ́ ọmọ ní gírámà."

Bàbá tèmi pàápàá kò gbèjà mi. Àbúrò rẹ̀ yẹn ti kú báyìí. Wọ́n ní kí n sọ pé kí Ọlọ́run forí jì í, mo sì ti sọ ọ́. Èmi ò tíì forí jì í.

Mo gbọ̀nà Makera lọ, mo ń sunkún nínú mọ́tò. Mo ka ìwé ìpè náà fún Bàbá. Ó ní kí n tún ibì kan kà, ibi tí wọ́n ti ní Ẹnjiníà yóò fi irin náà ṣí agolo lójú gbogbo ènìyàn.

"Ṣé ó bi yín bí wọ́n ṣe ń lò ó, Bàbá?"

"Ó wọ̀n ọ́n, ó yà á ní fọ́tò. Kò bi mí ní nǹkan kan." Ó ki ẹnu irin kan bọ èèkù, ó tẹ bọ́tìnnì, ẹnu náà já sí i lẹ́sẹ̀. "Lọ bá ìyá rẹ àgbà yọ ẹ̀wù àlàárì rẹ̀ jáde. A ń lọ síbẹ̀."

Gbọ̀ngàn kún. Alága ẹgbẹ́, tó ti jẹ́ ọ̀gá nílé iṣẹ́ ìjọba rí, jókòó lókè pẹ̀lú àwọn àgbàlagbà. Délé wọ agbádá funfun. Irin tirẹ̀ ń kọ mànà. Ó ti gbé fọ́tò náà fún àwọn tó ń rọ irin, wọ́n ṣe é bó ṣe rí gẹ́lẹ́, wọ́n sì kùn ún ní fàdákà. Aago méjìlá ọjọ́ náà ni wọ́n gbé e fún un. Kò tíì dán an wò. Kí n sọ òtítọ́, Délé kò tíì ṣí agolo kan rí láyé rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ ló ń ṣí i.

"Ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá," ló bẹ̀rẹ̀, "ọdún mẹ́ta gbáko ni mo fi ro èyí." Mo wo Bàbá. Ó ń mi orí bí ẹni tí orin dùn mọ́.

Délé gbé agolo tòmátì, ó fi ọwọ́ ọ̀tún di èèkù mú bí gbogbo ọmọ tí wọ́n tọ́ dáadáa ṣe máa ń ṣe níwájú àgbà, ó sì tẹ̀ ẹ́. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ tẹ bọ́tìnnì. Ẹnu irin já, ó bọ́ sórí tábìlì, kọ́ń! Ó dá a padà sínú ihò. Ó tẹ̀ ẹ́. Kọ́ń!

"Ẹnjiníà, àbí irin yẹn ń ká eyín ni?" obìnrin kan pariwo láti ẹ̀yìn.

Ó fi gbogbo agbára rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kẹta. Ẹnu náà wọlé díẹ̀, ó já, tòmátì sì ta sí agbádá funfun láti ọrùn dé ìkùn.

"Agolo yìí ni kò dáa," Délé wí.

"Ẹ gbé òmíràn fún un," Alága ní.

Wọ́n gbé òmíràn. Lọ́tẹ̀ yìí ẹnu irin fò lọ sábẹ́ àga Alága. Ẹnjiníà kúnlẹ̀, ó ń wá a, agbádá dà bò ó lórí kó tó rí i. Gbọ̀ngàn ń fọ́ fún ẹ̀rín.

Bàbá dìde. Bàbá Délé fa ẹ̀wù rẹ̀. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó. Ẹ má dójú ti ọmọ yín."

"Èwo nínú wọn?" Bàbá bi í. Ó yíjú sókè. "Alága, ẹ bá mi gbé irin yẹn fún ìyàwó mi. Tirẹ̀ yẹn gan-an ni o. Tèmi wà nílé."

Mo gbé àga síwájú, mo mú Ìyá àgbà jókòó. Àwọn àgbà rí i pé ọwọ́ òsì ló nà láti gba irin náà, àwọn kan sì fà sẹ́yìn.

"Ẹ foríjì mí, ẹ̀yin àgbà," Ìyá àgbà wí. "Ọwọ́ òsì ló ṣẹ́kù fún mi."

"Ọwọ́ ìyá kò lósì," Alága dáhùn. "Ẹ máa ṣe é, Màmá."

Ó fi eékún há agolo mọ́lẹ̀. Irin wọlé, ó ń yí, kò já. Ẹnikẹ́ni ò rẹ́rìn-ín mọ́. Ọmọrí agolo ṣí bí ojú ọmọ tó jí. Ó tẹ bọ́tìnnì, ẹnu kìíní bọ́ sí i lẹ́sẹ̀. Ó ki èèkù mọ́ ẹnu kejì, ó ṣí ìgò mínírà tó wà lórí tábìlì. Ó tún pààrọ̀ rẹ̀, ó hú ọmọrí agolo mílíìkì. Kò wo ọwọ́ ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

"Ẹ̀kẹrin ńkọ́, Màmá?" ẹnì kan kígbe.

"Ti ẹja ni. O ra ẹja wá ni?"

Gbọ̀ngàn tún bú sẹ́rìn-ín. Alága gbé ọwọ́ sókè títí ariwo fi rọlẹ̀, ó wá yíjú sí Délé.

"Ẹnjiníà, ọwọ́ wo lo ṣe irin yìí fún?"

Délé ń fi ọwọ́ nu tòmátì ara agbádá rẹ̀.

"Ìbéèrè ni mo bi ọ́, ọmọ mi."

"Ọwọ́ ènìyàn ni, sà."

Ẹ̀rín tí wọ́n rín lọ́jọ́ náà, mo ṣì ń gbọ́ ọ nígbà tí orí bá ń fọ́ mi, ó sì ń ṣe mí lóore. Bàbá kò bá wọn rín in. Ó gba irin náà lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀, ó nù ún mọ́ ẹ̀wù ara rẹ̀, ó gbé e fún Délé padà.

"Ẹni tó jí bàtà," ló sọ fún un jẹ́jẹ́, "kò jí ẹsẹ̀."

Bàbá lo ọdún bíi mẹ́jọ sí i láyé lẹ́yìn ìyẹn. Àwọn tí ẹ̀gbà kọ lù ń wá sí Makera láti Ungwan Romi, láti ìhín àti ọ̀hún, àwọn kan wá pẹ̀lú ọwọ́ ọ̀tún tó kú, àwọn kan pẹ̀lú òsì. Á ní kí wọ́n jókòó, á wo ọwọ́ wọn pẹ́, á sì gbẹ́ èèkù tó bá ọwọ́ náà mu. Malam Sani ló ń rọ ẹnu rẹ̀ títí ọjọ́ tí Bàbá fi kú. Kò sí ẹni tó ń pè é ní irin Ẹnjiníà nínú wọn.

Ṣùgbọ́n ní gbọ̀ngàn lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, akọ̀wé ẹgbẹ́ ṣí ìwé ńlá. Ó ti kọ orúkọ Délé sílẹ̀ láti àárọ̀. Ó fi rúlà fa ìlà pupa la orúkọ náà já.

"Bàbá, báwo ni kí n ṣe kọ orúkọ yín?"

"Àkànní, fítà, Makera."

"Ó tán, sà?"

"Ó tán."

Akọ̀wé kọ ọ́, Bàbá buwọ́ lù ú. Akọ̀wé ní ó ku ẹni tó máa jẹ́rìí sí i. Ìyá àgbà kò mọ̀wé, nítorí náà wọ́n sáré lọ wá yíńkì tí yóò fi tẹ ìka. Kò dúró dè wọ́n. Ó fi àtàǹpàkò òsì tí tòmátì ti kùn tẹ ìwé náà, ó sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ dáadáa.

Mo lọ wò ó ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Àbàwọ́n náà ti di rẹ́súrẹ́sú, kòkòrò sì ti jẹ etí ìwé. Ìlà tí wọ́n fà la orúkọ Délé já ṣì wà níbẹ̀, ó tọ́ gbọnrangandan. Lábẹ́ rẹ̀, mo ka orúkọ Bàbá sókè fún ọmọbìnrin tó ń tọ́jú ìwé náà báyìí. Ó bi mí pé, ta ni.

"Òun ló ṣe é," ni mo sọ fún un. "Ìyàwó rẹ̀ ló tẹ̀ ẹ́ níbí yìí."